Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Ju Òòlù

Ní ọdún 1984, Shigenobu Murofushi ju òòlù dé mítà 75.96. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ti fi pápá sílẹ̀ tipẹ́. Kò sí ọmọ Japan kankan tó jù ú jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí, ọdún mẹ́rìnlá sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan wá kọjá ibẹ̀ ní 1998, inú ilé Murofushi kan náà ló ti jáde: Koji, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Òòlù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti káfíńtà. Ọta irin tó wọn kílò 7.26 ni, tí wọ́n so mọ́ okùn irin tó ní ibi ìdìmú. Ẹni tó fẹ́ jù ú yóò dúró sínú òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.135, yóò kẹ̀yìn sí ibi tó fẹ́ jù ú sí, yóò fì í yí orí ká, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọ̀n gíga ni wọ́n fi yí i ká, kí irin má baà ya lu èrò.

Ohun tí ẹni tó jókòó síbi ìwòran kì í rí ni pé bí ènìyàn ṣe ń fa òòlù ni òòlù náà ń fa ènìyàn. Kí irin náà tó lè fò dé ọgọ́rin mítà, agbára tó ń fi fa ọwọ́ ẹni tó dì í mú á ju ìwúwo ọ̀ọ́dúnrún (300) kílò lọ. Kò sí apá tó lè fi ipá dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Ìdúró ara ni wọ́n fi ń gbà á: orúnkún á tẹ̀, ìdí á rẹ̀ sílẹ̀, apá méjèèjì á nà gbọọrọ láìle. Gìgísẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yí, kí wọ́n tó gbé e sí iwájú ẹsẹ̀; ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbéra tó tún ń balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá pẹ́ balẹ̀, ààyè tí ènìyàn ìbá fi kún eré irin náà ti lọ nìyẹn. Òǹkọ̀wé yìí ti dúró nínú òbìrí náà rí, ó sì lè jẹ́rìí sí i pé ìbẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ jíjù jẹ́. Tó bá di yíyí kejì, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í fani gidi, ọwọ́ á fẹ́ súnkì, èjìká á gbéra sókè, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ kó tó dé yíyí kẹta.

Mítà 1.78 péré ni Shigenobu ga. Láàárín àwọn tó ń ju òòlù, ẹni kúkurú nìyẹn. Síbẹ̀, ó ju òòlù fún Japan ní Òlíḿpíìkì Munich ní 1972, Montreal ní 1976 àti Los Angeles ní 1984, ó sì gba góòlù níbi Ìdíje Éṣíà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra, láti 1970 títí dé 1986. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún nígbà tó gba èyí tó kẹ́yìn.

Ẹni tó sígbọnlẹ̀ lè fi agbára bo àléébù mọ́lẹ̀, irin á sì tún lọ jìnnà. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Dandan ni kó mọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe, kó mọ ìgbà tó yẹ kó ti irin àti ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kí irin máa lọ. Ìdí nìyí tí ogún Shigenobu fi ṣeé jẹ. A kò lè bu agbára fún ọmọ, ṣùgbọ́n a lè fi yíyí ẹsẹ̀ hàn án, a lè sọ ọ́ fún un, a lè ní kó tún un ṣe lọ́la àti lọ́túnla.

Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á tọ́ka sí ìyá, Serafina Moritz, ọmọ ilẹ̀ Romania tó ń ju ọ̀kọ̀: bàbá ń ju òòlù, ìyá ń ju ọ̀kọ̀, kí ni ọmọ ìbá tún máa ṣe? Òtítọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, torí Koji ga ju bàbá rẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo Yuka, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Òun ló ju òòlù dé mítà 67.77 ní 2004, tó tún ju dísíkọ́ọ̀sì dé 58.62 ní 2007, ìwọ̀n tí obìnrin Japan kankan kò tíì dé rí nígbà náà nínú eré méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí nínú dísíkọ́ọ̀sì yàtọ̀ pátápátá sí ti òòlù. Ẹni tó bá mọ méjèèjì dé ibi tó ga jù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹ̀kọ́ ló kọ́.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló lọ sí Òlíḿpíìkì Athens ní 2004. Koji ju mítà 82.91, ó sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Adrian Annus ti Họ́ńgárì tó ju 83.19. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba góòlù lọ́wọ́ Annus, torí pé kò yọjú fún àyẹ̀wò oògùn amárale tí wọ́n tún fẹ́ ṣe fún un. Bí Koji ṣe di olúborí nìyẹn, láìjẹ́ pé ó rí ariwo alẹ́ ọjọ́ náà gbọ́. Ohun tí òǹkọ̀wé yìí kà sí jù ni Ìdíje Àgbáyé ní Daegu ní 2011. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Koji nígbà náà, ó ju 81.24, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ju Krisztián Pars lọ láti gba góòlù àgbáyé.

Láti 1995 títí dé 2014, ogún ọdún, kò sí ẹni tó gba ìdíje orílẹ̀-èdè Japan mọ́ Koji lọ́wọ́ nínú òòlù.

Bí ó ṣe ń gbáradì yẹ ní wíwò. Á gbé irin ìdárayá gbọọrọ lé èjìká, á so òòlù rọ̀ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, á wá máa lọ sílẹ̀ máa dìde bí àwọn òòlù náà ṣe ń fì. Nǹkan tó ń mì kò gba kí ara sùn. Gbogbo iṣan kéékèèké ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó tún gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí jíju òòlù ní Yunifásítì Chukyo, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣe olùkọ́. Òun àti àwọn onímọ̀ kan fi ẹ̀rọ kékeré sára òòlù tó ń sọ bí irin ṣe ń fà di ìró, débi pé ẹni tó ń pòòyì lè fi etí gbọ́ bóyá òun fi kún un lásìkò. Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn àyàn kò ní bèèrè ìdí. Ọmọ onílù kì í dúró de ọjọ́ ẹ̀kọ́ kó tó mọ ibi tí ọ̀pá ti yẹ kó bọ́ sí. Etí rẹ̀ ti gbà á kí ọwọ́ tó gbà á. Òòlù ní ìlù tirẹ̀ náà, ìlù tó ń yára sí i láti yíyí kìíní dé ìkẹrin, ọmọ tó sì dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ òbìrí ti gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ìdílé Németh ti Họ́ńgárì gba ọ̀nà mìíràn. Imre, bàbá, ju òòlù dé mítà 56.07 ní London ní 1948, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì. Miklós, ọmọ rẹ̀, kò tẹ̀ lé e sínú òbìrí. Ọ̀kọ̀ ló gbé. Ní Montreal ní 1976, jíjù àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú àṣekágbá lọ dé mítà 94.58, èyí tí ẹnikẹ́ni láyé kò tíì jù rí. Ẹni tó ṣe ipò kejì, 87.92 ló jù. Kò tán síbẹ̀: Miklós tún di ẹni tó ń ṣe ọ̀kọ̀ fún títà. Ó mú kí ìrù ọ̀kọ̀ rí hákahàka kí afẹ́fẹ́ lè gbé e dáadáa, ọ̀kọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà débi pé àwọn aláṣẹ eré náà fòfin de irú rẹ̀ ní 1991, tí wọ́n sì fagi lé àwọn ìwọ̀n tí wọ́n fi jù. Onímọ̀ tó bá ń wá òdiwọ̀n bí ẹnì kan ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: wọ́n ní láti yí òfin padà nítorí rẹ̀.

Ti Alekna, ní Lithuania, kò rọrùn láti fi ẹ̀kọ́ nìkan ṣàlàyé. Virgilijus, bàbá, ga tó mítà méjì, apá rẹ̀ sì gùn. Nínú dísíkọ́ọ̀sì, apá gígùn jẹ́ nǹkan ńlá. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Sydney ní 2000 àti ní Athens ní 2004, èyí kejì lẹ́yìn tí wọ́n lé ọmọ Họ́ńgárì mìíràn, Róbert Fazekas, kúrò nínú ìdíje nítorí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Mítà 73.88 ló jù jìnnà jù láyé rẹ̀. Mykolas, ọmọ rẹ̀, lọ sí Ramona ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 2024, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ lórí pápá gbalasa, ó ju 74.35, ó sì borí ìwọ̀n àgbáyé tí Jürgen Schult ti Jámánì ti fi lélẹ̀ láti 1986. Àwọn kan bú afẹ́fẹ́ náà. Ẹni tó ń ju dísíkọ́ọ̀sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ wá koni lójú lè gbé e nítòótọ́, ṣùgbọ́n bí igun tí ènìyàn fi jọ̀wọ́ rẹ̀ bá fi díẹ̀ yẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò gbé imú rẹ̀ sókè tí yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, Mykolas padà sí Ramona, ó ju 75.56. Góòlù Òlíḿpíìkì tí bàbá rẹ̀ ní méjì kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní Paris ní 2024, Roje Stona ti Jamaica ju mítà 70.00, òun ju 69.97.