Yàrá Funfun fún Ẹni Méjì: Lámèyítọ́ lórí Dragon Ball: Sparking! Zero àti Agbo Ilé Géèmù ní Rẹ́mọ

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Bandai Namco gbé géèmù ìjà tí ń jẹ́ Dragon Ball: Sparking! Zero jáde. Spike Chunsoft ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, orí ìtàn Dragon Ball tí Akira Toriyama bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 ni wọ́n sì gbé e kà. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ẹ̀dà tí wọ́n tà láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó mílíọ̀nù 3. Àwọn lámèyítọ́ tí ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣahun oríyìn. Wọ́n yìn ín nítorí jagunjagun 182 tó wà nínú rẹ̀, nítorí òkè àti ilé tí ń wó bí ìjà bá gbóná, àti nítorí pé àwòrán rẹ̀ jọ ti ànímé, ìyẹn eré àwòrán ilẹ̀ Japan, débi pé ó ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn nǹkan kan: agbára àwọn jagunjagun kò dọ́gba, ẹ̀kọ́ tí géèmù náà ń kọ́ ẹni tuntun kò tó, ìjà pẹ̀lú Vegeta nígbà tó bá di ìnàkí ràbàtà le ju bó ti yẹ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí mo kà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan, pé ẹni méjì tó jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà kò lè bá ara wọn jà níbi tó bá wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni mo kà sí kókó. Bí a bá wo géèmù náà láti Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí géèmù yìí tẹ̀ lé. Ní Japan, Sparking! jáde ní 2005, Sparking! Neo ní 2006, Sparking! Meteor ní 2007. Budokai Tenkaichi, láti orí èkínní dé ẹ̀kẹta, ni a mọ̀ wọ́n sí lọ́dọ̀ tiwa. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ọdún 17 kọjá. Láàárín ìgbà náà, àwọn olólùfẹ́ tí sùúrù wọn ti tán fọwọ́ ara wọn tún ẹ̀kẹta ṣe, wọ́n fi jagunjagun tuntun kún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tenkaichi 4. Irú ìrètí báyìí ni Zero wá bá nílẹ̀. Kì í sì í ṣe ìtàn tuntun ló mú wá. Ìtàn Goku, Vegeta, Piccolo àti Frieza tí gbogbo olólùfẹ́ ti mọ̀ ló tún sọ, ṣùgbọ́n ó fi oríta sí i, níbi tí òṣèré ti lè yà kúrò lójú ọ̀nà kí ìtàn sì parí síbòmíràn. Ẹ̀sùn pé ẹni tí kò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ kò ní lóye rẹ̀ kò wúwo lójú mi. Ẹni tó ti ka Fágúnwà mọ̀ pé Igbó Olódùmarè (1949), tó tẹ̀ lé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938), kò lọ síwájú rárá. Ẹ̀yìn ló padà sí, ó lọ sọ ìtàn bàbá Àkàrà-Ògùn. Àtẹ̀lé lè padà sẹ́yìn kó sì dùn. Ìbéèrè tó yẹ kí á bi í ni pé, nígbà tó ń bọ̀, kí ló gbàgbé sọ́nà?

Nínú Mortal Kombat àti Tekken, ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wo àwọn tó ń jà. Àwòrán kan ṣoṣo tó fún ẹni méjì, ó tún tó fún ẹni mẹ́wàá tó dúró lẹ́yìn wọn. Sparking! kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn jagunjagun ni ojú wa máa ń wà. Bó bá fò, a bá a fò. Nítorí náà, bí ẹni méjì yóò bá jà lórí ẹ̀rọ kan, àfi kí á pín ojú amóhùnmáwòrán sí méjì, kí ẹ̀rọ sì máa ya ayé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. PlayStation 2 ṣe èyí ní 2007 láìyọ pápá ìjà kankan sílẹ̀. Nígbà tí Zero jáde, pápá kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, èyí tí a lè pè ní Yàrá Ẹ̀mí àti Àkókò. Àlàyé àwọn tó ṣe é ni pé àwòrán òde òní wúwo ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbé lẹ́ẹ̀mejì lọ; yàrá yìí sì funfun, ó ṣófo, kò sí òkè.

Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di àmúwá ẹ̀rọ. Agbára ẹ̀rọ dà bí owó àpò: ẹni tó ni ín ló ń yan ohun tí yóò ná an lé lórí. Àwọn tó ṣe Zero ná tiwọn lé òkè tí ń wó, ẹni tó jókòó ti òṣèré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló san gbèsè rẹ̀. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ yìn jù lọ ló bí ohun tí wọ́n kàn fẹnu bà, síbẹ̀ n kò rí ẹni tó so méjèèjì pọ̀ nínú wọn.

Nínú ìtàn Toriyama, yàrá yìí ni àwọn jagunjagun ti ń lọ fi ìdánrawò lé ara wọn lọ́wọ́ kí ogun tó dé. Ọjọ́ kan níta jẹ́ ọdún kan nínú rẹ̀, ẹni méjì péré ló sì lè wọ̀ ọ́ pọ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀fẹ̀ lọ́kàn nígbà tí wọ́n yan ibẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: ibi kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó jọ jókòó ni ibi tí òǹwòran kò lè dé.

Ní Rẹ́mọ, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mọ irú eré yìí: ṣọ́ọ̀bù kékeré, amóhùnmáwòrán bíi méjì, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù ló jọba níbẹ̀, kò sì yani lẹ́nu ní ilẹ̀ tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025. Géèmù ìjà ló sábà ń tẹ̀ lé e. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san owó, tàbí kí ó gbé páàdì fún ẹlòmíràn. Àwọn tó dúró a máa pọ̀ ju àwọn tó di páàdì mú lọ, wọn kì í sì í dákẹ́. Wọn a ki ẹni tó ń borí, wọn a fi ẹni tó ń pàdánù ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń lo ọgbọ́n kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn a dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń mú jagunjagun tó lágbára jù ṣáá, wọn a fi í ṣẹ̀sín títí yóò fi yí i padà.

Ibí yìí ni òṣùwọ̀n àwọn lámèyítọ́ ti kùnà. Àìdọ́gba agbára tí wọ́n ń kígbe lé lórí jẹ́ àrùn tí agbo lè wò sàn. Ìnàkí tó le jù náà ńkọ́? Nínú ilé géèmù, irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni páàdì fi ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, tí gbogbo ilé á sì hó yèè nígbà tó bá ṣubú. Ohun tí agbo kò lè wò sàn ni kí géèmù má fàyè gba agbo. Àwa tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn kò ní gbà kí ẹnìkan ka ìjálá lórí ìwé nìkan kó sì ní òun ti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ tán. A ó bi í pé agbo dà, ta ló gbè é, kí ni wọ́n sọ nígbà tí ọlọ́jàálá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Nínú ìjàkadì pàápàá, ojú àwọn òǹwòran ló ń jẹ́rìí pé ẹ̀yìn ẹnìkan ti kan ilẹ̀. Lámèyítọ́ tó dá nìkan jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, tó ń bá àjèjì jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti yan agbo kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́.

Wọ́n lè sọ fún mi pé kí n lọ máa jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tiwọn. Lórí PlayStation 5, owó ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ti ra géèmù yóò tún san kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ra dátà, yóò sì máa dúró de nẹ́tíwọọ̀kì nínú ìjà tí ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti pa á. Wọ́n tún lè sọ pé PlayStation 5 kò tíì pọ̀ ní ilé géèmù wa, kí ló wá kàn wá? Òótọ́ ni pé PlayStation 5, Xbox Series àti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tí kò ní wọ̀nyí ń ṣeré lé lórí fúnra rẹ̀ jẹ́ lámèyítọ́: Tenkaichi 3 tó ti darúgbó, tàbí Tenkaichi Tag Team ti ọdún 2010 tí wọ́n ń fi PPSSPP ṣí lórí fóònù. Orí fóònù náà kéré, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta á fi orí kan orí lé e.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ̀wé lórí géèmù báyìí, inú mi sì dùn sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá Ṣàngó àti Yemọja kiri nínú géèmù òyìnbó, bí ẹni pé níbi tí òrìṣà bá ti fara hàn nìkan ni ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ní iṣẹ́. Kò sí òrìṣà kankan nínú Zero. Iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ síbẹ̀: kí ẹnìkan gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì ní ilé géèmù kan ní Ṣàgámù, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ja Tenkaichi 3, kó tún gbà á nígbà tí wọ́n bá ń ja Zero nínú yàrá funfun yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí kò bá sí òkè kankan tí yóò wó.