'Níbikíbi, Nígbàkígbà': Lámèyítọ́ Lórí Ìlérí Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

1.0 Ìfáárà

Agbègbè akẹ́kọ̀ọ́ ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Ọ̀jọ́ ni olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LASU, wà láti ìgbà tí ìjọba Lateef Jakande ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1983. Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà, ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adeniran Ogunsanya wà, kí ó tó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé ni ó lè máa wọ kíláàsì lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́, ìyá ọlọ́mọ àti oníṣòwò inú wọn ni ìpolówó ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ìlérí mẹ́ta ni ó máa ń ṣe: pé a lè kẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi, nígbàkígbà, àti pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ìlérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ìlérí náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsọ pọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ lọ.

2.0 Ẹ̀kọ́ Láti Òkèèrè Kì í Ṣe Àjèjì

Àwọn kan máa ń fi ojú tín-ín-rín wo ẹ̀kọ́ tí a kò gbà nínú kíláàsì. Ìtàn kò gbè wọ́n. Láti òkèèrè ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní Yunifásítì London ní ọdún 1944, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin nílùú ọba. Ọdún 1976 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, National Teachers' Institute, sílẹ̀ ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó sì ti ibẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí láìfi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Òfin tí ó dá National Open University, èyí tí a mọ̀ sí NOUN, sílẹ̀ jáde ní ọdún 1983; ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984; ọdún 2001 ni a tún jí i dìde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ẹ̀kọ́ láti òkèèrè dára ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè, bí kò ṣe ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí yóò gbé e dé.

3.0 'Níbikíbi'

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ń ti Okokomaiko lọ sí Erékùṣù Èkó mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń jẹ. Mile 2 ni apá àkọ́kọ́ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ aró, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2023, parí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Okokomaiko ni ètò náà ń lọ. Ẹni tí kò ní láti wọkọ̀ lọ sí kíláàsì ti jèrè.

Ṣùgbọ́n 'níbikíbi' nílò iná, dátà, ẹ̀rọ àti ibi tí ariwo kò sí. Ilé-ìwé ni ó ń pèsè àga, iná àti ilé-ìkàwé fún akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò pèsè tirẹ̀. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ ní Ìbà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú, àyè ìkàwé kò ṣeé fojú kéré. Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni kí a ṣírò.

4.0 'Nígbàkígbà'

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó léwu jù. Nínú ètò yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, yúníìtì kan dúró fún wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 18 ní sáà kan ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 270 níwájú, ìyẹn wákàtí 18 lọ́sẹ̀, láìka ìwé tí yóò kà fúnra rẹ̀ àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ẹ̀kọ́ bá kúrò nínú kíláàsì, ìwọ̀n yìí kò dínkù. Aago tí ń lù ní ilé-ìwé ni kò sí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè tọ́ka sí wákàtí wọ̀nyí nínú ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ kí ó tó sanwó, kò tíì ní àkókò náà. Ohun tí a lè ṣe nígbàkígbà ni a kì í sábà ṣe nígbà kankan.

5.0 'Ìrọ̀rùn' àti Iṣẹ́ Olùkọ́ni

Fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, ìṣòro mìíràn tún wà. A lè ka àbá èrò orí nípa ìkọ́ni lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Ìdánrawò ìkọ́ni gbọ́dọ̀ wáyé nínú kíláàsì gidi, lábẹ́ ojú olùkọ́ àgbà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ohùn ni ó ya ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ sọ́tọ̀. Ìwé lásán kò lè gbọ́ àṣìpè kí ó sì tún un ṣe. Ètò tí kò bá ní ìpàdé ojúkojú tàbí ti alohùn yóò kọ́ni ní ìmọ̀ nípa èdè, kì yóò kọ́ni ní èdè.

6.0 Ìwé-ẹ̀rí àti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀kọ́ tí ó ga jù ni ti àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní NOUN. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni. Oyè wọn kì í ṣe ayédèrú. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò rí àyè wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà, tí ó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti di agbẹjọ́rò nílẹ̀ yìí. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN, kí ọ̀nà tó là fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ya ọ̀lẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí, àjọ mìíràn ni ó di ilẹ̀kùn iṣẹ́ mú. Ìpolówó kì í sọ ìyàtọ̀ yìí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àjọ NUC bóyá ó fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ láti òkèèrè náà gan-an, nítorí ìfọwọ́sí fún ilé-ìwé kì í ṣe ìfọwọ́sí fún gbogbo ètò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé-ẹ̀rí NCE ni, àjọ NCCE ni yóò bi. Kí ó bèèrè ibi tí ìdánwò àti ìdánrawò ìkọ́ni yóò ti wáyé. Kí ó bi àjọ TRCN bóyá yóò forúkọ òun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí ó sì wádìí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀. Ẹnu àwọn àjọ wọ̀nyí ni kí ó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù.

Ojúṣe àwọn olùkọ́ ni láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìbéèrè wọ̀nyí láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó bá bèèrè, tí ó sì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó forúkọ sílẹ̀ láìfòyà. Òun ni ìlérí 'níbikíbi, nígbàkígbà' lè ṣẹ mọ́ lára, nítorí ó ti mọ iye tí yóò ná an.