“Ara Mi Ti Yá”: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aláìsàn

Ní 1967 ni Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé ewì kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi orúkọ Ìdànrè, ìlú wa, sọ ọ́. Ewì gígùn inú rẹ̀, èyí tí ó dá lórí Ògún àti àwọn àpáta wa, ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń tọ́ka sí. Ní tèmi o, ewì kékeré kan nínú ìwé kan náà ni ó mú mi gbé kálàmù lónìí, èyí tí ó pè ní “Abiku”. Àbíkú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń fi ewúrẹ́, owó ẹyọ àti epo tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ ṣe ẹlẹ́yà. J. P. Clark náà kọ ewì tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ará ilé ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú tirẹ̀, tí ó ń bẹ ọmọ kí ó wọlé wá jókòó. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé níbì kan: nínú méjèèjì, ẹni tí ń pani lẹ́kún wà níbẹ̀, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tàbí kí a máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà mi ń bá àìsàn sọ ní Ìdànrè yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n. Ní ìjọ kan tí wọ́n ń lọ, wọ́n kọ́ wọn láti máa wí ní àárọ̀ àti ní alẹ́ pé: “Mo lágbára. Àìsàn kì í ṣe ìpín mi. Ara mi ti yá.” Bí ẹ bá kí wọn pé ṣé ara le, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó gbà.

Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò bí a ti ń yẹ ewì wò, nítorí pé àwa Yorùbá ti pẹ́ nínú fífi ọ̀rọ̀ ko àìsàn lójú. Ẹ wo àwọn orúkọ àbíkú. Ẹ̀bẹ̀ tàbí àṣẹ ni Málọmọ́, Dúrójayé àti Bánjókòó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wọn jọ, inú mi dùn: mo rò pé mo ti rí ìyàtọ̀, pé àwọn bàbá wa a máa bẹ̀bẹ̀, àwa ni a ń fọ́nnu. Kòkúmọ́ ni ó ba èrò náà jẹ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú Kòkúmọ́. Ọ̀rọ̀ ìdánilójú ni, ó sì le tó “Ara mi ti yá”. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí “mọ́” tí ó wà ní ìparí rẹ̀. “Mọ́” náà jẹ́wọ́ pé ikú ti wọ ilé náà rí. Ìyá tí ó sọ ọmọ ní Kòkúmọ́ kò gbàgbé àwọn tí ó ti sin. Orúkọ kan náà ni ó fi rántí wọn tí ó sì fi kọ̀ pé kò ní í tún rí bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ọfọ̀. Ẹni tí ó ń pe ọfọ̀ sórí ewé ọ̀dúndún kì í sọ pé ara aláìsàn kò gbóná. Nítorí pé ó gbóná ni ó ṣe wá ewé tí ó tutù. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde. (Àní ṣànpọ̀nná tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ, a rí orúkọ fún un: Olóde, Ilẹ̀ẹ́gbóná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́.)

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní tiwọn. Émile Coué, apòògùn ará Faransé tí ó kú ní 1926, kọ́ àwọn aláìsàn láti máa wí léraléra pé ojoojúmọ́ ni ara àwọn ń yá sí i. Ẹ ṣàkíyèsí “ń” yẹn: ọ̀nà ni aláìsàn ṣì wà, kò tí ì dé. Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dán irú ọ̀rọ̀ báyìí wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí kò ka ara wọn sí nǹkan, tí wọ́n ní kí wọ́n máa yin ara wọn lẹ́nu, inú wọn tún bàjẹ́ sí i ni. Ọkàn wọn ń jiyàn pẹ̀lú ẹnu wọn.

Èyí ni mo kó lọ bá ìyá àgbà, bí ẹni tí ó gba ipò kìíní nínú ìdánwò. Mo ní, “Ìyá àgbà, ‘ti’ tí ẹ ń wí yẹn ni kò dára. Bí ó bá ti yá, kí ni ẹ tún ń lo oògùn fún?”

Wọn kò dáhùn. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oògùn oṣù méjì ni mo bá nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn wọn, odidi. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wí pé ara òun ti yá, tí ó tún ń gbé oògùn mì, ọwọ́ rẹ̀ ń tú ohun tí ẹnu rẹ̀ ti dì. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ara wọn mu. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ẹnu ní ó ti yá, ara kò sì jiyàn, àfi ẹ̀rọ tí dókítà ń so mọ́ apá nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kì í kọ lẹ́tà kí ó tó dé.

Nígbà tí mo parí àríwísí mi, wọ́n bi mí léèrè pé bí a bá ń gun òkè wa, kí ni àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ máa ń wí fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn náà rí, tí ó lé ní 600, ẹ mọ̀ ọ́n: “Ó kù díẹ̀.” Láti orí àtẹ̀gùn àádọ́ta ni wọ́n ti máa ń wí i, nígbà tí ohun tí ó kù ju ọgọ́rùn-ún lọ́nà márùn-ún lọ. “Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa, ọmọ mi? Ṣé o kò sì dé òkè?”

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí n tó rí èsì. Lóòótọ́, irọ́ díẹ̀ wà nínú “díẹ̀” náà, irọ́ yẹn ni ó sì gbé mi dé òkè. Ṣùgbọ́n “kù” kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́ pé mo ti dé, èmi ì bá jókòó síbẹ̀ ni. Mo padà lọ sọ èyí fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé ti ba ọmọ yìí jẹ́.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé ní àárọ̀, oògùn kan ní àtẹ́lẹwọ́, omi nínú ife. “Ara mi ti yá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé e mì. N kò bá wọn jiyàn lórí “ti” náà mọ́.