Bọ́ọ̀lù Tó Tàsé Ni Mo Dìbò Fún

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹjọ́ ni mo gbé wá lóṣù yìí, ẹ̀yin ni mo sì fi ṣe adájọ́. Bí mo bá jàre, ẹ sọ. Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ má wo ewú orí mi, ẹ sọ ọ́ bákan náà.

Ní àdúgbò wa ní Palmgrove, bí ènìyàn bá ti yà kúrò ní títì Ìkòròdú tó kọjú sí ọ̀nà Ṣómólú, kò ní í rìn jìnnà tí yóò fi máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ta ni kò mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀? Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò òkú àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, tí ẹ̀rọ sì panu mọ́, ariwo mìíràn á gba àdúgbò: kò! kò! gbàgà! Lábẹ́ igi fúrúùtù kan ni, níbi tí wọ́n gbé tábìlì sínúkà sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí íǹkì ṣì wà léèékánná wọn á dà síbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ á dúró, ẹni tí wọ́n bá jẹ á gbé igi fún ẹlòmíràn. Èmi náà kì í wọ́n níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà na fóònù rẹ̀ sí mi. Fídíò kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n to àwọn férémù tó mánigbàgbé jù lọ nínú ìtàn sínúkà jọ, láti orí ìkẹwàá dé orí ìkíní. (Férémù yìí kì í ṣe ti àwòrán ara ògiri o. Eré kan ṣoṣo ni, láti ìgbà tí wọ́n bá to bọ́ọ̀lù títí ẹnìkan yóò fi jẹ; ìdíje ńlá kan lè gba férémù 35.) Èyí tí wọ́n fi ṣe ìkíní ni 147 tí Ronnie O'Sullivan gbá lọ́dún 1997. Mo ní wọ́n ṣèrú.

Ọmọ náà ní, "Ha, Bàbá, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó ṣe? Kò mà tàsé rárá!"

Mo ní, "Ohun tí mo ń bá a jà sí gan-an nìyẹn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé arán ti ń ṣe bàbá. Ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Kí n tó ro ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan. Ohun tí à ń gbá lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn, tí gbogbo Èkó ń pè ní sínúkà, kì í ṣe sínúkà. Púùlù ni: tábìlì kékeré, bọ́ọ̀lù 15 tó ní nọ́ńbà lára, àti funfun kan tí à ń fi igi gbá. Tábìlì ojúlówó sínúkà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 6, bọ́ọ̀lù 22 ló sì ń wà lórí rẹ̀. Pupa jẹ́ 15, máàkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wá. Ìyeyè ń mú 2 wá, aláwọ̀ ewé 3, bíráwùn 4, búlúù 5, píǹkì 6, dúdú 7. Funfun ló ṣìkejìlélógún. Bí o bá gbá pupa kan wọ ihò, o lẹ́tọ̀ọ́ sí aláwọ̀ mìíràn kan. Wọn á yọ ìyẹn padà sórí tábìlì, ìwọ á tún wá pupa lọ. Nígbà tí pupa bá tán, wọn á wá gbá àwọn mẹ́fà yòókù tẹ̀léra, láti orí ìyeyè dé orí dúdú. Ẹni tó bá gbá dúdú tẹ̀lé gbogbo pupa, tó sì palẹ̀ tábìlì mọ́ láìtàsé, 147 ni tirẹ̀. Òkè tí gbogbo ọ̀jẹ̀ ń wò nìyẹn.

Mi ò ní í purọ́, ohun tí O'Sullivan ṣe ya ni lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù 36 ló gbá wọlé léraléra, kò sì lo ìṣẹ́jú 6. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹrin, Mick Price tí wọ́n jọ ń díje ni mo ń wò. Kí ni Mick Price ń ṣe? Ó jókòó. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun kan tó kan Mick Price mọ́ ju kó máa wòran bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ọ̀ta ayò bá dá jókòó ti ọpọ́n, tó ń dá a ta, ó lè dárà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ẹni tí yóò ròyìn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀ta bá pàdé ọ̀ta ni òǹwòran ń gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná.

147 kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn lọ. Cliff Thorburn, ará Kánádà, ló gbá a lọ́dún 1983 nínú ìdíje àgbáyé ní Sheffield, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó gbá irú rẹ̀ nínú ìdíje náà. Tirẹ̀ kò yá bíi ti O'Sullivan. Wọ́n dá eré orí tábìlì kejì dúró nítorí rẹ̀, nígbà tí dúdú ìkẹyìn sì wọlé, ńṣe ni Thorburn kúnlẹ̀ gbà. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀? Pupa àkọ́kọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀, èèṣì ló bá wọlé! Àṣìṣe ló ṣílẹ̀kùn fún àṣepé.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Alex Higgins. Lọ́dún 1982, òun àti Jimmy White, ọmọ ogún ọdún, pàdé nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ férémù 16 ló borí. White ti jẹ 15, Higgins jẹ 14. Nínú férémù tó tẹ̀lé e, White ti kó máàkì 59, Higgins kò ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bùṣe. Ibẹ̀ ni Higgins ti dìde, tó sì kó 69 jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe kó o. Bọ́ọ̀lù funfun kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ibi tí kò fẹ́ ló ń lọ, òun náà á sì tún wá ọgbọ́n mìíràn dá. O'Sullivan rìn lójú títì tó tẹ́jú. Higgins rìn lójú ọ̀nà Ṣómólú nígbà òjò: ó fo kòtò yìí, ó bọ́ sétí òmíràn, ó sì délé láìlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó jẹ férémù náà, ó jẹ èyí tó kẹ́yìn, 16 sí 15, ó sì lọ borí Ray Reardon, 18 sí 15, ó gba ife àgbáyé.

Síbẹ̀, Higgins kọ́ ni mo dìbò fún. Férémù tí mo mú ni èyí tó kẹ́yìn nínú àṣekágbá ọdún 1985, láàárín Steve Davis àti Dennis Taylor.

Davis ni ọba sínúkà nígbà náà. Ó ti gba ife àgbáyé ní 1981, 1983 àti 1984. Taylor, ọkùnrin ará Northern Ireland tó máa ń wọ awò ojú ràgàjì, kò gbà á rí. Férémù 18 ni ẹni tó bá máa borí gbọ́dọ̀ jẹ. Davis bẹ̀rẹ̀, ó jẹ mẹ́jọ léraléra, Taylor kò rí ẹyọ kan. Àwọn mìíràn ì bá ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Taylor ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń lé e, kò ṣíwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, títí ó fi di 17 sí 17. Aago 11 alẹ́ ti kọjá.

Férémù tó kù yìí nìkan gba ìṣẹ́jú 68. Nígbà tí ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́rin lórí tábìlì, Davis ní 62, Taylor ní 44. Ẹ ṣírò rẹ̀: bíráwùn, búlúù, píǹkì àti dúdú, àpapọ̀ wọn jẹ́ 22. Taylor kò gbọdọ̀ pàdánù ọ̀kan nínú wọn. Ó gbá bíráwùn wọlé. Ó gbá búlúù. Ó gbá píǹkì. 62 sí 59! Ó wá ku dúdú nìkan. Ẹni tó bá gbé e wọ ihò ló ni ayé.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Taylor gbá a, kò wọlé. Davis gbé e sá. Taylor tún gbá a, ó tún tàsé. Àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ń fi dúdú ṣeré láti kékeré, ọwọ́ wọn wá di ti ọmọ iṣẹ́. Nígbẹ̀yìn, àyè ṣí sílẹ̀ fún Davis. Bọ́ọ̀lù náà kò rọrùn pátápátá, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ó tẹ̀, ó wò ó, ó gbá a. Ó gé e jù. Dúdú ò wọlé! Taylor dìde, ó gbá a sínú ihò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi rẹ̀ sókè lórí. 66 sí 62. Aago 12 ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú 23, èèyàn 18.5 mílíọ̀nù sì jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n ní Bìrìtìkó láàjìn yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Taylor ṣíwájú nínú gbogbo ìdíje náà nìyẹn, ìgbà náà ló sì parí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò ní férémù náà kò dára. Mo gbà. Ó fà, ó kún fún àṣìṣe, kò sí iye ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi ojú ọgbọ́n ọwọ́ wò ó, ti O'Sullivan sàn jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun tó sàn jù àti ohun tó mánigbàgbé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọgbọ́n ọwọ́ la rí ní 1997. Ènìyàn la rí ní 1985.

Ó ṣì ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1986, Davis tún dé àṣekágbá, Joe Johnson tún jẹ ẹ́. Ṣé ó sá? Kò sá. Ó gbà á ní 1987, ní 1988 àti ní 1989, ó pé mẹ́fà. Ti Jimmy White tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dé àṣekágbá, kò gba ife náà rí. Ti ọdún 1994 ló dùn mí jù: 17 sí 17 pẹ̀lú Stephen Hendry, ọjọ́ tí White pé ọmọ ọdún 32 gan-an, òun ló ń gbá a lọ́wọ́, ó wá tàsé dúdú kan tó rọrùn. Hendry dìde, ó fi 58 parí rẹ̀. White sì ń bá eré náà lọ títí tó fi lé ní ọmọ 60 ọdún.

Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn nìyí. Ní Jubbulpore ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́dún 1875 ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti dá eré yìí sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn, Neville Chamberlain, ti ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ ológun kan wà ní Woolwich tí wọ́n ti ń fi orúkọ náà, snooker, pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹni tí kò ì tí ì mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ẹlẹgbẹ́ Chamberlain tàsé bọ́ọ̀lù kan tó wà létí ihò, ó sì fi orúkọ yẹn bú u. Ojú ti onítọ̀hún. Chamberlain bá yára pẹ̀tù sí i nínú, ó ní gbogbo wa náà kúkú ni snooker nínú eré yìí. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ eré nìyẹn. Ẹ bá mi tú u sí èdè wa. Ọ̀pẹ ni! Eré tí gbogbo ayé ń fi ọ̀ta gbé gẹ̀gẹ̀, ọ̀pẹ lorúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó tàsé ló sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo mọ ìtàn yìí ni mo rántí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù wa, jẹ́jẹ́ ni í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ku dúdú nìkan fún un, létí ihò báyìí, ó sì tàsé. Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe: "Ọ̀pẹ!" Gbogbo agbo gbè é. Ọmọ náà gbé igi lélẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Èmi rò pé àwàdà ni mo ṣe. Chamberlain bú ẹni tirẹ̀, ó pẹ̀tù sí i. Èmi bú tèmi, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá a nídìí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń to ìwé pọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ìjọ́sí, mi ò ṣe é re."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́."

Mo ní èmi náà tàsé dúdú lánàá. Ó wá wò mí. Ó ní, "Létí ihò?" Mo ní, "Létí ihò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò ì tí ì rí i lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n mò ń retí rẹ̀.

Ẹjọ́ mi rèé, ẹ̀yin adájọ́. Wọ́n fi ẹni tí kò tàsé ṣe ìkíní. Èmi fi férémù tí ọ̀ta méjì ti di ọ̀pẹ lójú gbogbo ayé ṣe é. Ẹ dá a bó bá ṣe tọ́ lójú yín.