Orúkọ Ẹ̀yìn Fọ́tò: Lámèyítọ́ lórí Àwòrán Àtijọ́ Àwọn Ará Pólándì, láti Etí Omi Mariners Harbor

Mariners Harbor wà ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Staten Island, ní ìlú New York, níbi tí omi Kill Van Kull ti pàdé Newark Bay. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ́ísítà ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà fi ń jẹun. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó ń ṣòwò ẹran inú ìkarahun yìí là, wọ́n sì kọ́ ilé ńláńlá tó kọjú sí omi lójú ọ̀nà Richmond Terrace. Nígbà tí ẹ̀gbin ìlú àti ti ilé iṣẹ́ ba omi jẹ́, òwò náà kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ló rọ́pò rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ogun ojú omi ni ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ń kàn níbẹ̀. Lára àwọn aṣíkiri tó wá fi agbára wọn ṣiṣẹ́ ní etí omi àríwá erékùṣù náà ni àwọn ará Pólándì. Ní 1901, wọ́n dá ìjọ Àgùdà tiwọn sílẹ̀ ní Elm Park, tó múlé gbe Mariners Harbor, wọ́n sì fi orúkọ St. Adalbert sọ ọ́, ẹni mímọ́ tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Wojciech.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, fọ́tò àtijọ́ kì í wọ́n. Bí ìjọ bá ń ṣe àjọ̀dún, tàbí bí ẹbí bá ń palẹ̀ ẹrù olóògbé mọ́, wọn a kó wọn jáde: ọmọbìnrin nínú aṣọ funfun ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba oúnjẹ Olúwa, ọkọ àti ìyàwó tó dúró gbọnrangandan, ọkùnrin mẹ́ta tó mú fìlà lọ́wọ́ níwájú ògiri bíríkì. Àwọn tó ń pín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbà pé ìtàn àti àṣà Pólándì ni àwọn ń pín. Ìgbàgbọ́ yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ló ń sọ ọ́ di ìtàn. Pé ọwọ́ ẹnìkan ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Àti pé ọ̀ràn yìí kan Yorùbá tó wà lókè òkun gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ará Pólándì.

Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí Staten Island. Láti 1892 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń yẹ aṣíkiri wò ní Ellis Island, nínú omi èbúté kan náà. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Augustus Sherman, tó tún jẹ́ ayàwòrán. Láàárín nǹkan bí 1905 sí 1920, ó ya àwòrán tó lé ní 200, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn tí ìjọba dá dúró títí ọ̀ràn wọn yóò fi yanjú. Wọ́n wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sí wọn lára dáadáa. Lábẹ́ wọn, ohun tí a sábà máa ń rí ni irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́: obìnrin Ruthenia, olùṣọ́-àgùntàn Romania, obìnrin Slovakia. Aládùúgbò àwọn ará Pólándì ni àwọn wọ̀nyí, ojú kan náà sì ni akọ̀wé fi wo gbogbo wọn.

Yorùbá ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Robert Farris Thompson fọ̀rọ̀ wá àwọn ará ìlú wa lẹ́nu wò lórí ère gbígbẹ́, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1973, ìfarahàn àti jíjọra wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ rere yàtọ̀. Ìfarahàn ni kí ojú, ìka àti ilà hàn kedere. Jíjọra ni kí ère jọ ẹni tó dúró fún, láìjọ ọ́ jù. Ní ti ìfarahàn, kò sí àléébù lára àwòrán Sherman: a lè ka bọ́tìnnì, a lè tọ ipa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ní ti jíjọra, a kò lè sọ ohunkóhun, nítorí a kò mọ ẹni tí ó yẹ kí àwòrán náà jọ. Ohun tó sì dunni jù ni pé iṣẹ́ orúkọ kíkọ ni iṣẹ́ oòjọ́ Sherman. Àárín ìwé tó kún fún orúkọ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí orúkọ já bọ́ lára ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀.

Ti àwọn ará Pólándì tún nira sí i. Láti 1795 títí di 1918, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Pólándì lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà ti pín in láàárín ara wọn. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní New York ní 1905 lè máa sọ èdè Polish, kó máa gbàdúrà ní èdè Polish, kí ìwé rẹ̀ sì pè é ní ọmọ abẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Olùkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Àwọn baba wa tí a kó lọ sí Kúbà di Lùkùmí, àwọn ti Brazil di Nàgó, àwọn tó dé Sierra Leone di Akú. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà kan, Kétu àti Ṣábẹ sì di ti ẹlòmíràn lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ìran kan náà ni wọ́n àti àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn ààlà náà. Yorùbá ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ẹnubodè, ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń wò.

Lewis Hine gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà ya àwòrán ní Ellis Island kó tó di pé ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti iṣẹ́ ọmọdé gbà á síṣẹ́ ní 1908. Ní 1911, ó lọ sí etíkun gúúsù Amẹ́ríkà, ní Mississippi àti Louisiana, ó sì bá àwọn ẹbí Polish tí wọ́n kó wá láti Baltimore fún iṣẹ́ ìgbà òtútù. Ọ́ísítà ni wọ́n ń pa nínú ìkarahun, àtàgbà àtọmọdé. Ẹni tó bá ń wo àwọn àwòrán náà láti Mariners Harbor yóò dá òkìtì ìkarahun inú wọn mọ̀. Òwò tó kọ́ ilé ọ̀gá ọkọ̀ ní Richmond Terrace náà ló ń fi ọ̀bẹ gé ọmọdé níka ní ibòmíràn.

Hine máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń kọ orúkọ ọmọ nígbà tó bá rí i gbà, ọjọ́ orí rẹ̀, aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń san. Nígbà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kò bá fẹ́ rí i, ó ń fi bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ wọn gíga ọmọ, kó lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí wúlò púpọ̀, ó sì wà lára ohun tó ṣí ojú Amẹ́ríkà títí òfin àpapọ̀ 1938 fi ká iṣẹ́ ọmọdé lọ́wọ́ kò. Bí àrọ́mọdọ́mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá ń wá a lónìí, ọ̀rọ̀ tí Hine kọ lè mú un débẹ̀, nígbà tí ti Sherman kò lè mú un débì kan. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹlẹ́rìí ni ọmọ náà jẹ́ nínú ẹjọ́ tí ẹlòmíràn ń rò. A mọ iye owó rẹ̀. A kò mọ ìlú tí ìyá rẹ̀ ti wá ní Pólándì, tàbí orin tí wọ́n ń kọ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, oríkì rẹ̀ kò sí.

Ní Pólándì gan-an, ẹni tó súnmọ́ oríkì jù ni Zofia Rydet. Ọmọ ọdún 67 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní *Zapis socjologiczny* ní 1978. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní abúlé, ó ń jẹ́ kí onílé jókòó nínú yàrá rẹ̀, kó kọjú sí kámẹ́rà láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 1990, ó ti ya nǹkan bí 20,000. Lẹ́yìn àwọn tó jókòó ni ògiri wà, lára ògiri ni àwòrán ẹni mímọ́ àti fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ wà. Ògiri ló ń ki onílé.

Ní 1978 kan náà ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí fọ́tò láàárín Yorùbá. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò iyì yóò jókòó gbagidi, yóò kọjú síwájú, yóò gbé ọwọ́ lé itan, yóò jẹ́ kí agbádá tàn. Ìjókòó àwọn ará Rydet kò yàtọ̀ sí èyí. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tó pàṣẹ. Ní Pólándì, Rydet ló kan ilẹ̀kùn, òun ló ní kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ní Ìlá, oníbàárà ló san owó, òun ló mọ bí ó ti yẹ kí ọmọ-ènìyàn jókòó. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ ka ìrísí ara nìkan. Ìjókòó kan náà lè jẹ́ àṣẹ ayàwòrán níhìn-ín, kó jẹ́ ìfẹ́ ẹni tí a yà lọ́hùn-ún.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń pa àwòrán, pé kí a fi ojú sílẹ̀ kó wò. Fọ́tò ìbejì ni ìdáhùn. Sprague rí i ní Ìlá pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọn a ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo, wọn a ya èyí tó wà láàyè nínú aṣọ tirẹ̀, wọn a sì tún un yà nínú aṣọ èyí tó lọ. Àlejò tó bá rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò rí ọmọ méjì aláàyè. Ìyá wọn rí ọmọ kan àti ọ̀fọ̀ kan. Kò sí bí ojú àlejò ti lè mú tó tí yóò rí ohun tí ìyá rí, àfi kí ẹnìkan sọ fún un. Fọ́tò náà kò parọ́ fún àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá gbé e kúrò láàárín wọn láìgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání ló sọ ọ́ di irọ́.

Ó ku àwòrán kan tí Pólándì àti Yorùbá jọ ni. Fọ́tò kékeré ni, orí àti èjìká nìkan, ti ọkùnrin tí ìwé Polish ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: August Agbola Browne. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ó dé Pólándì ní 1922, ó ń lu ìlù jáàsì ní Warsaw, ó gbé obìnrin ibẹ̀ níyàwó, ó bí ọmọkùnrin méjì, ó sì ṣe àwo orin ní 1928. Ní 1949, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun àtijọ́ pé òun wà lára àwọn tó gbèjà Warsaw ní 1939, àti pé òun jà nínú Ìdìde Warsaw ní 1944, pẹ̀lú orúkọ ogun *Ali*. Ní 2009 ni òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún Ìdìde náà, Zbigniew Osiński, rí fọ́ọ̀mù yẹn. Browne ti kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976. Ní 2019, wọ́n ṣí òkúta ìrántí fún un ní Warsaw.

Nínú gbogbo àwòrán tí a ti yẹ̀ wò, ti Browne nìkan ni ẹni inú rẹ̀ ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí ogun rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá, àwọn òpìtàn sì ń fi ìṣọ́ra kà á bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe sábà máa ń pín àwòrán náà: adúláwọ̀ tó jà nínú Ìdìde Warsaw. Ìwúrí wà nínú gbólóhùn náà, síbẹ̀ irú ènìyàn ló tún padà sọ, gẹ́gẹ́ bí Sherman ti kọ obìnrin Ruthenia. Orúkọ àárín rẹ̀ ń kọjá bí ẹni pé òǹkà lásán ni. Yorùbá ni orúkọ náà, ọlá wà nínú rẹ̀, ẹnìkan ní Èkó ló sì wo ilé kó tó fi sọ ọmọ. Olùkàwé Polish kò lè gbọ́ ọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ọ́ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà kan ní Elm Park ṣe lè sọ fún wa pé St. Adalbert ni Wojciech.

Ohun tó wà nínú ewu kò pọ̀ ní ìwọ̀n: àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, ìwé àwòrán kan nínú yàrá ìpàdé ìjọ. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn tó mọ àwọn ojú inú rẹ̀ bá kú ni gbogbo wọn di obìnrin Pólándì, ọkùnrin Áfíríkà, ìdílé aṣíkiri. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ pín fọ́tò kọ́kọ́ gbé e lọ bá àgbà, kó béèrè pé, ta nìyí, ọmọ ta ni, níbo ni, ta ló yà á, iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Kó fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ní èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́, kó sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Níbi tí àgbà bá ti ní òun kò rántí, kó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kó má fi orúkọ ìran dí i.