"Ọmọ Wa Ni": Àgbéyẹ̀wò Gbólóhùn Òṣèlú Kan ní Zaria àti Ìpínlẹ̀ Kaduna

Ìfáárà

Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbólóhùn kan a gba ẹnu àwọn Yorùbá kan: "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é." Ní Sabon Gari, Zaria, níbi tí Yorùbá ti ń bá Haúsá, Ígbò, Núpé àti àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀, èkejì gbólóhùn yìí ní èdè Haúsá ni "Namu ne", èyí tó túmọ̀ sí "Tiwa ni". Létí ẹni tó bá gbọ́ ọ lóréfèé, gbólóhùn ìfẹ́ ni. Òwe pàápàá tì í lẹ́yìn: ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ yìí yẹ gbólóhùn náà wò bí a ṣe ń yẹ ewì alohùn wò, ní wúnrẹ̀n kọ̀ọ̀kan. Ta ni "wa" ń tọ́ka sí? Ta ni "ọmọ"? Kí ni "é" dúró fún? Èrò tó wà nídìí àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti akọ-n-bábo kì í ṣe odi mẹ́ta tó dúró gbári sójú kan. Ààlà ọ̀rọ̀ "wa" ni wọ́n, a sì máa ń tún ààlà náà fà nígbà ìbò kọ̀ọ̀kan.

"Wa" àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà

Nínú gírámà Yorùbá, "wa" lè kó olùgbọ́ mọ́ra, ó sì lè tì í síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mu" ti Haúsá. Fulfulde, èdè àwọn baba ńlá àwọn ìdílé tó ń jọba ní Zaria láti ìgbà jìhádì, kò rí bẹ́ẹ̀: wúnrẹ̀n ọ̀tọ̀ ni "en", tí olùgbọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni "min", tí olùgbọ́ kò sí nínú rẹ̀. Níwọ̀n bí Yorùbá àti Haúsá kò ti pààlà yìí, olóṣèlú lè dúró láàárín ọjà kan náà, kí ó pe "wa", kí oníkálukú sì rò pé òun ló ń bá wí.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò sọ̀rọ̀ nípa "ọmọ wa" nígbà tó ń to ohun tó yẹ kí ẹni tí yóò díje fún ipò gómìnà ní. Ní abala 177, ohun tó béèrè ni pé kí onítọ̀hún jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kí ó ti pé ọmọ ọdún 35, kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kí ó sì ti kàwé dé ìpele ìwé mẹ́wàá tàbí irú rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn, kò mẹ́nu ba akọ tàbí abo, kò sì sọ pé dandan ni kí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tí wọ́n bí baba rẹ̀ síbẹ̀, tó sì ń sọ Haúsá bí ará Birni, "baƙo" ni yóò máa jẹ́, ìyẹn àlejò. Ohun tí òfin kò dí, ọ̀rọ̀ dí i.

Kò tọ́ kí Yorùbá ka èyí sí àléébù Haúsá nìkan. Nígbà ìbò gómìnà Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọmọ Èkó ni Gbadebo Rhodes-Vivour, Yorùbá sì ni baba rẹ̀. Nítorí pé Ígbò ni ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sọ pé kì í ṣe "ọmọ wa". Ẹnu àwọn tó máa ń sọ pé ilé baba ọmọ ni ilé rẹ̀ náà ló yí padà wá ń ka ìdílé ìyá.

"Wa" àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn

Láti ọdún 1999, àṣà kan wà ní Ìpínlẹ̀ Kaduna tí kò sí nínú òfin: bí gómìnà bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìgbákejì rẹ̀ a jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí Namadi Sambo di igbákejì Ààrẹ ní ọdún 2010, Patrick Yakowa, Kìrìsìtẹ́nì, gorí àga gómìnà. Ó wọlé ìbò ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ó sì kú nínú ìjàǹbá hẹlikópítà ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Mukhtar Ramalan Yero, Mùsùlùmí ará Zaria tó jẹ́ ìgbákejì rẹ̀, ló rọ́pò rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2011 yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ "wa". Nígbà tí èsì fi hàn pé Goodluck Jonathan ti borí Muhammadu Buhari, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá. Àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó kú lé ní 800. Ní Zaria, wọ́n dáná sun ilé Namadi Sambo. Mùsùlùmí ni Sambo, Haúsá ni èdè ẹnu rẹ̀, Zaria sì ni ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìbí tàbí ẹ̀sìn nìkan ló ń sọni di "ọmọ wa", ta ló tún yẹ kó jẹ́ ẹ jù ú lọ? Ṣùgbọ́n ó bá Jonathan díje pọ̀, ààlà sì ti yí kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Nasir El-Rufai pa àṣà náà tì, ó fa Hadiza Balarabe, Mùsùlùmí láti Sanga, kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbákejì. Wọ́n ní ìbò 1,045,427. Alátakò wọn, Isa Ashiru, ní 814,168. Ní 2023, Uba Sani àti Balarabe kan náà ní 730,002, Ashiru sì ní 719,196. Ní ọdún yẹn kan náà, Tinubu àti Shettima, tí àwọn náà jẹ́ Mùsùlùmí méjì, kò borí ní Kaduna. Atiku ló borí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, Abiola àti Kingibe, Mùsùlùmí méjì, borí ní Kano tí í ṣe ìpínlẹ̀ Tofa alátakò wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀sìn nìkan ló ń pín ìbò kò lè fi ọ̀nà kan ṣàlàyé gbogbo èsì wọ̀nyí.

"Ọmọ" àti Ọ̀rọ̀ Akọ-n-bábo

Nínú Yorùbá, "ọmọ" kò yan akọ, kò yan abo. "Ó" náà kò yàn wọ́n. Haúsá yàn wọ́n: "ɗan takara" ni ọkùnrin tó ń díje, "'yar takara" ni obìnrin. Ẹni bá yára dájọ́ lè rò pé Yorùbá ló gba obìnrin láàyè jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ yin obìnrin tó wọ òṣèlú, "obìnrin bí ọkùnrin" ni wọ́n ń pè é. Haúsá ní "mace mai kamar maza", ìtumọ̀ kan náà. Oríkì ni lójú ẹni tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbà ṣáájú pé ọkùnrin ló ni àga náà; yíyá ni wọ́n yá obìnrin.

Kò sí ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi èyí hàn tó Gambo Sawaba, tí wọ́n bí sí Zaria ní 1933. Orúkọ náà yẹ fún àkíyèsí olùkọ́ èdè: Gambo ni Haúsá ń pe ọmọ tí wọ́n bí lé ìbejì, ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ìdòwú, Sawaba sì túmọ̀ sí ìtúsílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ghana ni baba rẹ̀, Núpé ni ìyá rẹ̀. Ó bá NEPU ṣòṣèlú, ó sì lọ sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà ìbò 1959, àwọn obìnrin Gúúsù dìbò, àwọn ti Àríwá kò lè dì í. 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Obìnrin tó ń wá ìbò fún ẹgbẹ́ kò ní ìbò tirẹ̀. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Zaria ń jẹ́: lẹ́yìn tí kò lè béèrè ipò mọ́, ó di "ọmọ wa".

Gúúsù náà kò mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Sarah Jibril díje nínú ìbò abẹ́lé PDP fún ipò Ààrẹ. Ìbò ẹyọ kan péré ló ní, nínú àwọn aṣojú tó wá láti gbogbo ìpínlẹ̀. Títí di ìbò 2023, kò sí obìnrin tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà rí ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni ipò tí Balarabe dé. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ilẹ̀kùn tó ṣí fún obìnrin ní 2019 ni ilẹ̀kùn tó tì mọ́ Kìrìsìtẹ́nì gúúsù Kaduna. Ẹni tó yìn ín nítorí akọ-n-bábo àti ẹni tó ké nítorí ẹ̀sìn, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Àfiwé pẹ̀lú Amẹ́ríkà

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lókè òkun. Òfin Amẹ́ríkà kọ̀ kí wọ́n fi ẹ̀sìn dán ẹnikẹ́ni wò fún ipò ìjọba, síbẹ̀ 1960 ni ọmọ ìjọ Àgùdà kan, Kennedy, tó kọ́kọ́ wọlé ìbò Ààrẹ. Obama, aláwọ̀ dúdú, wọlé ní 2008. Hillary Clinton ní ìbò ará ìlú ju Trump lọ ní 2016, kò wọlé. Kamala Harris náà kò wọlé ní 2024. Níbẹ̀ náà, ààlà "wa" ti sún fún ẹ̀sìn àti àwọ̀. Kò tíì sún dé ọ̀dọ̀ obìnrin.

Àgbálọgbábọ̀

Ó ku wúnrẹ̀n kan nínú gbólóhùn náà: "é", nínú "ẹ jẹ́ ó ṣe é". Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan ṣáájú tó rọ́pò. Kí ni ẹni náà fẹ́ ṣe? Omi ẹ̀rọ Zaria ni, tàbí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ààbò ọ̀nà Kaduna? Gbólóhùn náà lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí ọmọ ẹni tí olùdíje í ṣe, ó sì fi iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ láìlórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tó bá ti kọ́ láti béèrè ohun tí "é" dúró fún ti di olùdìbò tí "wa" kò ní lè tàn jẹ.