Ìdánwò Ni, Àbí Ìfìyàjẹni? Èrò Lórí Ìnira Pápá Gọ́ọ̀fù

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì ní apá méjì. Apá kan ní pápá tí àwọn ọ̀gá ti ń díje gbọ́dọ̀ le koko, kí ojú akọni pàápàá lè pọ́n níbẹ̀. Apá kejì ní ìnira àpọ̀jù ń ba eré jẹ́, ó sì ń sọ ọ̀jáfáfá di ẹni ẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kọjá ti eré: nítorí kí ni a ṣe ń dán ènìyàn wò?

Kí ẹni tí kò mọ eré náà má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé. Òṣèré a máa fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kékeré láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ inú ihò. Ihò 18 ni wọ́n ń gbá lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni ìdíje ńlá sì máa ń gbà. Ẹni tí iye ìgbà tó lu bọ́ọ̀lù bá kéré jù lọ ló borí. Ihò kọ̀ọ̀kan ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí a retí pé kí ọ̀jáfáfá lu bọ́ọ̀lù kí ó tó wọlé. Ẹni tó ń tọ́jú pápá lè mú un le bí ó bá ti fẹ́. Ó lè mú ojú ọ̀nà fún, kí ó jẹ́ kí koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ó lè gbẹ́ kòtò iyanrìn. Ó sì lè gé koríko àyíká ihò mọ́lẹ̀, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, títí bọ́ọ̀lù yóò fi máa yọ̀ bí ẹni pé orí dígí ló wà.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn tó fẹ́ kí ó le. Ìdílé Fownes, tó dá pápá Oakmont sílẹ̀ ní Pennsylvania ní 1903, gbà pé bọ́ọ̀lù tí a kò bá lù dáadáa gbọ́dọ̀ di àdánù tí kò ṣeé gbà padà. Orí pápá yìí kan náà ni Johnny Miller ti lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 63 péré lọ́jọ́ ìkẹyìn US Open ti 1973, tó sì gba ife. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìdíje náà lọ sí Winged Foot, nítòsí New York. Pápá le débi pé ìgbà méje ni Hale Irwin fi kọjá òdiwọ̀n, síbẹ̀ òun ló borí. Àwọn kan sọ pé ẹ̀san ohun tí Miller ṣe ni àwọn aláṣẹ ń gbà. Frank Tatum, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ náà, fèsì pé kì í ṣe pé àwọn fẹ́ dójú ti àwọn òṣèré tó dára jù lọ lágbàáyé, ṣe ni àwọn fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Èsì yìí lọ́gbọ́n nínú, a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì bá gba 20 lórí 20, olùkọ́ kò lè mọ ẹni tó mọ̀wé jù. Pápá tí kò le rárá, orí oríire ni yóò ti yan olúborí. Ṣùgbọ́n èsì Tatum ní òdì kejì tí àwọn tó máa ń tọ́ka sí i kì í sábà rántí. Bí gbogbo kíláàsì bá gba 2 lórí 20, olùkọ́ náà kò mọ nǹkan kan. Ìdánwò tí ó bá lé gbogbo ènìyàn sínú kòtò kan náà ti gbàgbé iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ pè é.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ìnira tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́? Èrò wa ni pé iye tí wọ́n kọ sí ojú pátákó kọ́ ni yóò sọ ọ́. Ìnira tó tọ́ a máa bi òṣèré ní ìbéèrè, a sì máa jẹ́ kí ó yan ìdáhùn. Ìnira tí kò tọ́ a máa gba yíyàn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Carnoustie, ní Skọ́tílándì, níbi tí wọ́n ti gbá Open britannique ní 1999. Ojú ọ̀nà fún, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dí. Sergio García, ọmọ ọdún 19, lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 89 lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ihò ìkẹyìn ni gbogbo ayé rántí. Jean Van de Velde, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìgbà mẹ́ta ṣíwájú nígbà tó débẹ̀. Bí ó bá lu bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ife ti di tirẹ̀, yóò sì jẹ́ ọmọ Faransé àkọ́kọ́ tó gbà á láti ìgbà Arnaud Massy ní 1907. Kò fi sùúrù ṣe é. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kejì kọlu àga àwọn òǹwòran, ó ta padà sínú koríko gíga. Láti ibẹ̀ ó já sínú odò kékeré. Van de Velde bọ́ bàtà, ó wọ inú omi, ó wò ó sùn-ùn, ó sì jáde. Ẹ̀ẹ̀méje ló lu bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Paul Lawrie, tí ìgbà mẹ́wàá wà láàárín wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ló gba ife nínú àfikún ìdíje.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé ìkà ni pápá náà. A kò bá wọn gbà á. Kò sí ẹni tí kò rí odò náà. Ibi kan náà ló wà fún gbogbo òṣèré. Ọ̀nà tó rọrùn wà nílẹ̀, Van de Velde ló yan èkejì. Ìdánwò ni ìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a bá Carnoustie wí lé lórí ni koríko dídí tó há ojú ọ̀nà mọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣìnà díẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó gbá bọ́ọ̀lù padà sójú ọ̀nà lọ.

Ti Shinnecock Hills, ní New York, tún burú ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ìkẹyìn US Open ti 2004, ilẹ̀ àyíká ihò keje gbẹ débi pé bọ́ọ̀lù tí a lù dáadáa kò lè dúró síbẹ̀. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ní láti máa bu omi rin ín láàárín ìdíje. Kò sí òṣèré kan tí iye rẹ̀ kéré sí òdiwọ̀n lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde gbá ihò kan, ẹni tó tẹ̀ lé e gbá òmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ búburú bá gba èrè kan náà, kí ni a tún ń wọ̀n?

Àwọn kan yóò ní bí a bá dẹ pápá, olúborí kò ní níyì mọ́. Golf National, nítòsí Paris, dá wọn lóhùn. Ní 2018, wọ́n mú ojú ọ̀nà rẹ̀ fún, wọ́n sì jẹ́ kí koríko ga fún Ryder Cup. Àwọn ará Yúróòpù tó gbàlejò, tó sì ní ẹ̀tọ́ láti tún pápá ṣe bó ti wù wọ́n, fi 17½ sí 10½ lu Amẹ́ríkà. Ní 2024, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì, pápá kan náà dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Scottie Scheffler lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà 62 lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó sì fi 19 dín sí òdiwọ̀n. Tommy Fleetwood fi 18 dín, Hideki Matsuyama fi 17 dín. Ọ̀gá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi ihò ìkẹyìn ṣì wà níbẹ̀ tó ń dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n àyè wà fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn.

Àpẹẹrẹ tó dàgbà jù ni Old Course ní St Andrews. Ojú ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Arúgbó àti ọmọdé lè gbá a láìsọ bọ́ọ̀lù nù. Lọ́jọ́ Àìkú, kò sí eré níbẹ̀, àwọn ará ìlú a máa rìn gbẹ̀fẹ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gba ife gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí yóò fi bọ́ọ̀lù sí, nítorí pé láti apá tí kò tọ́, kòtò iyanrìn yóò dí i lọ́nà ihò. Pápá náà gba ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra, ó sì ń yọ ọ̀gá sọ́tọ̀ láàárín wọn.

Ìdájọ́ wa nìyí. Kí pápá ìdíje le, a fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di olùkọ́ àti adájọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó láti ṣètò ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹni tó ṣe dáadáa yóò lè fi hàn pé òun ṣe dáadáa.